Ìkòkò Onílà Mẹ́ta

Ìyàwó adàkòkò kò dáná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó gbé ìkòkò ńlá inú ilé jáde, èyí tó ń dán jù, ó dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i, ó wá jókòó tì í, ó káwọ́ gbera. Ẹ̀wà tó ti rẹ sómi láti àná ń wú nínú abọ́ ike.

"Ṣé ààwẹ̀ la ń gbà ni?" Ọkọ rẹ̀ ló béèrè, ọkùnrin gíga kan tí iná ààrò ti jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀ tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ́ àjákù àlúmíníọ̀mù, kó dà á sínú yanrìn, kó di ìkòkò. "Mò ń lọ jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ìjọba lónìí. Ṣé inú òfìfo ni kí n gbé lọ bá wọn?"

"Ẹ wá ìkòkò míì."

"Ìkòkò míì kẹ̀? Nínú ilé adàkòkò?"

"Nínú ilé adàkòkò náà ni mo wí."

Ìwé kan wà lórí itan obìnrin náà. Ó ti ká a, ó ti tú u, ó ti tún un ká títí etí rẹ̀ fi ń ya. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ wọn ni. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìbákà ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé láti ìgbà tó ti mọ màmá pè ni kò ti panu mọ́, bí ẹyẹ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ; kódà, ó máa ń bá bàtà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹta rèé tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, á dúró, á máa wo ẹnu ìyá rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìyókù wà. Ìwé náà sọ pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òjé kan náà tó máa ń wà nínú bátìrì mọ́tò, ó sì pọ̀ kọjá ibi tí ọkàn dókítà ti ń gbọ̀n.

"Ẹ gbà mí o! Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ rí pé ìkòkò ń ṣe èèyàn léṣe." Ìyá adàkòkò ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Màmá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. "Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń jẹun nínú èyí tí ọmọ mi dà fún mi. Àbí òkú ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí?"

Ìyàwó tún ìwé náà ká. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìyá ọkọ jiyàn, kó kọ́kọ́ jẹun yó, òun kò sì tíì jẹun.

"Mo yan ìkòkò yẹn láàárín ọgbọ̀n!" Adàkòkò ti ń pariwo báyìí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi yàn án. Èyí tó dára jù lọ ni mo gbé fún ẹ!"

"Mo mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Aránṣọ ló wà lódìkejì títì. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kì í rán ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà aládùúgbò kì í sú ni gbọ́. "Bàbá Ìbákà, ẹ má jágbe mọ́ ìyàwó yín o! Àbúrò yín ni kẹ́ ẹ lọ bi. Òun ló kó ìjọba wá bá wa. Wọ́n láwọn máa ti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń da ìkòkò pa. Lónìí olónìí!"

Òótọ́ ló sọ. Ìjọba wa rèé: bó bá sùn, á sùn bí òkú, ọjọ́ tó bá sì jí, kùmọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà. Ọdún mélòó làwọn èèyàn ti fi ń ra ìkòkò yìí? Kò sẹ́ni tó yẹ ẹyọ kan wò. Ìwé ìròyìn wá pariwo lóṣù tó kọjá, ni àwọn aṣòfin bá sáré kọ àbá òfin olójú ewé kan ṣoṣo: kí wọ́n ti gbogbo ilé ìdàkòkò pa, ó parí. Bí ọ̀pọ̀ ìdílé bá ń tibẹ̀ jẹun, kí wọ́n lọ máa jẹ yanrìn. Inú sì ń bí mi, nítorí pé a kúkú mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àbúrò tí Aránṣọ ń wí ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, ó gbé àpò kọ́ èjìká, eruku ti bo bàtà rẹ̀. Dókítà Ìkòkò ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe. Odidi ọdún méjì ló fi kanlẹ̀kùn láti ilé ìdáná kan dé òmíì, tó ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n jẹ́ kóun se omi kíkan nínú ìkòkò wọn fún wákàtí kan, kóun bu díẹ̀ lọ nínú rẹ̀ láti mọ ohun tí ìkòkò ń tú sínú oúnjẹ. Á kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni ín, ta ló dà á, ọdún wo, kí ni wọ́n máa ń sè nínú rẹ̀. Wọ́n lé e níbì kan, ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n da omi lù ú níbòmíì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ooru kúkú ti ń mú òun tẹ́lẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ní ju fèrèsé kan lọ. Ibẹ̀ ló jókòó sí, tó yẹ ọgọ́rin ìkòkò wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ó ní ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ àṣìṣe, ẹ̀ẹ̀mejì sì lè jẹ́ èèṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: mo dọ̀bálẹ̀ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," ni ìyàwó dáhùn. Màmá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dókítà Ìkòkò fọwọ́ kan ìdí ìkòkò tó dojú délẹ̀ náà. Ìlà mẹ́ta wà níbẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ayùn kékeré fà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ogún nínú àwọn ìkòkò tí mo yẹ̀ wò ló ti ọwọ́ yín jáde. Òjé kún inú àwọn kan. Àwọn kan ò ní rárá. Ọwọ́ kan náà, ààrò kan náà. Mo wá rí i pé ẹ̀ ń fa ìlà sí ìdí wọn: òmíì ní ẹyọ kan, òmíì ní mẹ́ta. Kí ni ìlà yẹn ń sọ?"

"Àṣírí iṣẹ́ ni."

"Lónìí ni wọ́n máa pinnu. Bí mi ò bá lè sọ ohun tó ya èyí tó dáa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dáa, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa tì pa."

"Ìwọ dókítà ṣe wá ń bi mí? Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo ń fura, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Ó dìde. "Ẹ má bínú sí mi. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru."

"Máa lọ. Ìpàdé ń dúró dè ọ́."

Ó lọ. Adàkòkò jókòó sórí òkúta, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò lè sọ. Ìlà kan ni ti ọjọ́ gbogbo: wáyà iná, agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, férémù fèrèsé tó ti kán. Ìlà mẹ́ta ni ti ọjọ́ tó bá rí àjákù rédíétọ̀ mọ́tò rà, èyí tí wọ́n fi òjé jó ojú rẹ̀ pọ̀. Bó bá ju ìyẹn sínú garawa lórí iná, ohun tó yọ́ á máa ṣàn bí epo, á wọ gbogbo kọ̀rọ̀ yanrìn láìdúró, ìkòkò á wúwo, á dán, kò ní ní ihò abẹ́rẹ́ kan. Gbogbo adàkòkò ló mọ̀ ọ́n. Rédíétọ̀ sì ṣọ̀wọ́n, nítorí náà onílà mẹ́ta kì í dé ọjà. Ìyá ẹni ni wọ́n ń gbé e fún, ìyàwó ẹni, aládùúgbò tó bá bímọ. Onílà kan ni wọ́n ń tà fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Àwọn tí wọn ò mọ̀ rí yẹn ló ń jẹun ní àlàáfíà.

Ó ku díẹ̀ kí adàkòkò jáde ni Olórí Ẹgbẹ́ Adàkòkò dé lórí ọ̀kadà. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn," ó ní. "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Bó o bá ti ní irọ́ ló ń pa, ta ló kù tó máa gbà á gbọ́? Wáyà àti agolo nìkan là ń yọ́, gbogbo wa ti fẹnu kò. Ọ̀rọ̀ ilé ló wà láàárín ìwọ àtòun, ó wá sọ ọ́ di ìwádìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Má jẹ́ kí ebi pa ọmọ ogójì èèyàn torí obìnrin kan."

Ọ̀kadà bá tirẹ̀ lọ. Adàkòkò wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó dúró síwájú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de àṣẹ. Obìnrin náà ti gbé Ìbákà sórí ẹsẹ̀, ó ń fi búrẹ́dì gbígbẹ bọ́ ọ.

"Mi ò ní kọ́ yín lóhun tẹ́ ẹ máa sọ," ó ní. "Àmọ́ bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tán, ilé yìí náà lẹ máa bọ̀."

Gbọ̀ngàn tí ìgbìmọ̀ ti ń ṣèpàdé kún. Fáànù mẹ́ta ló wà lókè, ọ̀kan ló ń yí. Àwọn adàkòkò jókòó sọ́wọ́ òsì pẹ̀lú ọwọ́ wọn tó ti jóná lóríṣiríṣi; àwọn aṣòfin jókòó níwájú pẹ̀lú omi inú ike. Alága wọn jẹ́ obìnrin àgbà kan tó gbé dígí ojú sí iwájú orí. Lórí tábìlì gígùn kan, wọ́n to ogún ìkòkò tó ti ọwọ́ adàkòkò jáde, wọ́n dojú gbogbo wọn délẹ̀.

Dókítà Ìkòkò sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kò jágbe, kò sunkún, kò fi gírámà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó ní nínú ọgọ́rin ìkòkò, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ń tú òjé sínú oúnjẹ. Mẹ́rìndínláàádọ́ta kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan. Àbájáde ogún tó wà lórí tábìlì ti wà nínú àpòòwé tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lẹ̀ pa lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun yí i padà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Alága wí. "Ìwádìí rẹ ní ká tì wọ́n pa."

"Rárá o, Mà. Ìwádìí mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ariwo sọ láàárín àwọn adàkòkò. Alága gbé dígí wálẹ̀ sójú. "Kí ló wá sọ?"

"Ó sọ pé àwọn kan burú, àwọn kan ò burú. Ohun tó fà á, mi ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo ń fura sí àjákù kan tí wọ́n ń yọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìfura ti ilé iṣẹ́ èèyàn pa, Mà."

"Kò mọ̀!" Olórí Ẹgbẹ́ ti fò dìde. "Ẹ gbọ́ o, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀! Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó rọrùn fún Dókítà Ìkòkò láti sọ pé òun mọ̀. Ìgbìmọ̀ ti ṣe tán láti gbà á gbọ́, ìwé ìròyìn á sì pè é ní akọni lọ́la. Kò sọ ọ́. Ó dúró síbẹ̀, ojú ń tì í, òógùn ń ṣàn ní ọrùn rẹ̀, ó sì dúró lórí ohun tó wọ̀n, kò fi ìka kan kún un.

Adàkòkò dìde. Kò lọ sídìí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ìdí tábìlì ló lọ tààrà. Ó gbé ìkòkò àkọ́kọ́, ó fi àtàǹpàkò wá ìlà ìdí rẹ̀.

"Èyí ní òjé," ó ní, ó gbé e sọ́tùn-ún. Ó gbé èkejì. "Èyí kò ní." Ó gbé e sósì. "Kò ní. Kò ní. Èyí ní."

"Jókòó!" Olórí Ẹgbẹ́ ń pariwo. "Ọ̀gbẹ́ni, jókòó!"

Alága na ọwọ́ sí akọ̀wé. Akọ̀wé ya àpòòwé, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí ìwé, ìkòkò kan sí òmíì. Nígbà tí adàkòkò to ogún ìkòkò náà tán, akọ̀wé gbójú sókè.

"Ó gba mọ́kàndínlógún, Mà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣì. Èyí tó kángun sí fèrèsé. Ó ní kò ní òjé, ìwé sì ní ó ní, àmọ́ kò pọ̀."

Adàkòkò gbé ìkòkò náà, ó yí i padà, ó wò ó pẹ́. Ìlà kan ló wà nídìí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá là.

"Mo rántí rẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, yanrìn mi tutù, ẹ wo bí ìdí rẹ̀ ṣe rí ṣákiṣàki. Èyí tí mo dà ṣáájú rẹ̀, onílà mẹ́ta ni. Garawa kan náà ni mo fi yọ́ méjèèjì. Mi ò ha inú garawa náà." Ó gbé e sílẹ̀. "Rédíétọ̀ mọ́tò ló wà nínú onílà mẹ́ta, Mà. Èmi ni mò ń jù ú sí i. Gbogbo wa là ń jù ú sí i nígbà tá a bá rí i. Ó máa ń jẹ́ kó dán. Mo gbé ọ̀kan fún ìyàwó mi, òun la fi ń se oúnjẹ ọmọ mi, ọmọ mi kò sì lè parí ọ̀rọ̀ mọ́. Àbúrò mi kò purọ́. Kò purọ́ rí."

Dókítà Ìkòkò ti fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ń kọ ohun tó sọ nípa garawa, omijé ń kán sórí ohun tó ń kọ.

Kí Alága tó dìde lọ́sàn-án yẹn, ó ti fi bírò fa ìlà gba àárín àbá òfin olójú ewé kan náà. Ó ní kí wọ́n kọ òmíì: kò ní sí rédíétọ̀, kò ní sí bátìrì nínú ohun tí wọ́n ń yọ́, garawa tó bá ti kan òjé rí kò gbọ́dọ̀ yọ́ ohun tí èèyàn máa fi jẹun, ìjọba á máa yẹ ìkòkò wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ààrò kankan kò ní kú. Àwọn adàkòkò tó fi Dókítà Ìkòkò ṣẹ̀sín láàárọ̀ ni oúnjẹ wọn kò bọ́ lọ́wọ́. Ohun tó mú mi láyọ̀ nìyẹn: ìjọba tó gbọ́ "mi ò mọ̀" tán, tó dúró títí tó fi mọ̀. Ì bá máa rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́! Olórí Ẹgbẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ adàkòkò kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò kí i.

Ọ̀rọ̀ ti ṣáájú adàkòkò àti àbúrò rẹ̀ délé. Aránṣọ ń dúró, ó gbé ìkòkò kan sílẹ̀ síwájú adàkòkò, ó rọra gbé e, kò jù ú.

"Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì lẹ gbé e fún mi," ó ní. "Mo gbàdúrà fún yín. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo gbà."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀, níwájú obìnrin tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá Ìbákà. Ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá." Ó nu ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tó wà léjìká rẹ̀. "Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ǹ bá ṣì máa sè nínú rẹ̀ nísinsìnyí." Ó yíjú sí Dókítà Ìkòkò. "Àwọn ọmọ mi méjèèjì ńkọ́?"

"Ẹ kó wọn wá lọ́la. Mo máa yẹ̀ wọ́n wò."

Màmá jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ó gbé tirẹ̀ dání, ìkòkò ọdún mẹ́fà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Aránṣọ, ó padà wọlé.

Ìyàwó ti yá ìkòkò irin kan, ẹ̀wà sì ti jinná nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Oòrùn kò tíì wọ̀. Adàkòkò kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀.

"Àbúrò mi, bí ìkòkò bá ti kúrò, ṣé òjé máa kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀?"

"Á máa dín kù, díẹ̀díẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ tó ti sọnù lẹ́nu ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa padà?"

Ìyàwó dá ṣíbí dúró nínú abọ́.

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Dókítà Ìkòkò wí. "Ó ń padà fún àwọn ọmọ kan, kì í padà fún àwọn míì. A máa máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù ni, ká máa wò ó."

"Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

"Nísinsìnyí náà, bẹ́ ẹ bá gbà. Abẹ́rẹ́ wà nínú àpò mi. Orí ìka ni, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan."

Adàkòkò gbé ọmọ náà sórí itan rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kékeré náà sórí tirẹ̀ tó ti jóná. Ọmọ náà wo abẹ́rẹ́. Ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ó máa..."

Ó dúró. Gbogbo ilé ń dúró dè é. Kò sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀.

"...dùn mí?"

Ìyá rẹ̀ ti la ẹnu láti sọ pé rárá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni adàkòkò wí. "Ó máa dùn ẹ́ díẹ̀, ọmọ mi. Mo dì ẹ́ mú."